Títa ríro là ń kọlà: ta ló mú abẹ́rẹ́ ètè dání?

Ẹ wo ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní Kétu, ní Olómìnira Bẹ̀nẹ̀, kí ẹ rí ètè. Agbẹ́gilére á jẹ́ kó kún, kó yọ síta díẹ̀, á fín ilà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, kó tó fi ọ̀dà kùn ún. Ẹni tó bá ní ètè kíkún jẹ́ àṣà òyìnbó kò tíì wo ère yẹn dáadáa. Àwọn bàbá wa kọlà, àwọn ìyá wa kọ kóló. Láàárín àwọn obìnrin Fúlàní ní Sẹ̀nẹ̀gà àti Málì, ètè gan-an ni wọ́n ń gún lábẹ́rẹ́ títí yóò fi dúdú. Pé èèyàn fẹ́ tún ara rẹ̀ ṣe kọ́ ni ẹjọ́ tèmi. Ọwọ́ tó di abẹ́rẹ́ mú ni mò ń wò.

Ohun tí wọ́n sábà máa ń gún sínú ètè lóde òní kó lè kún ni jẹ́ẹ̀lì hyaluronic acid, èròjà tó ń fa omi mọ́ra, tí ara wa náà ń ṣe fúnra rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ló ń yọ́. Tó bá tó oṣù 6 sí 12, ó ti ń tán lọ. Oògùn tó ń tú u náà wà, hyaluronidase lorúkọ rẹ̀. Sílíkónì ní tirẹ̀ kì í yọ́, kò sì sí oògùn tó ń tú u. Ewu tó burú jù ni kí jẹ́ẹ̀lì bọ́ sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ kó dí i: ètè á máa ro, á sì funfun. Lára aláwọ̀ dúdú, fífunfun yìí lè má hàn, ìdí nìyẹn tí ẹni tó mọṣẹ́ fi ń fìka tẹ ètè, tó ń wò ó bóyá àwọ̀ rẹ̀ tètè padà. Bí kò bá tètè padà, kò sí àyè ká sùn kó di ọ̀la. Ẹran ibẹ̀ lè kú.

Wọ́n á ní abẹ olóólà náà ń pa èèyàn lára. Bẹ́ẹ̀ ni, ó sì lè kó àrùn ọmọ kan ran òmíràn. N kò bẹ̀ ẹ́ kó padà wá. Ṣùgbọ́n gbogbo ìlú ló mọ agboolé rẹ̀. Ẹni tó gún ètè ní ṣọ́ọ̀bù onídìrí, ta ni yóò lọ bá lóru tí ètè bá wú? Ní England, láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá 2021, òfin ti ka gígún irú jẹ́ẹ̀lì yìí nítorí oge léèwọ̀ fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 18. Oṣù yẹn kan náà ni FDA, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, kìlọ̀ nípa ẹ̀rọ aláìlábẹ́rẹ́ tó ń fi ipá ta jẹ́ẹ̀lì wọ ètè. “Ara mi ni,” àwọn kan á wí. Mo gbà, ẹni ló lara ẹni. Kí oníbàárà ṣáà kọ́kọ́ bi oníṣẹ́ pé níbo ni ìgò hyaluronidase rẹ̀ wà, kó sì ní kó gbé e jáde.