Fífi Píkọ́ọ̀pù Fa Tírélà Ẹrù Oko

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa, nígbà tí kòkó bá ti gbẹ tán, tí a sì ti dì í sínú àpò, iṣẹ́ kan ṣì kù tí ó lè sọ èrè gbogbo ọdún di òfo. Iṣẹ́ náà ni bí a ó ti gbé ẹrù kúrò ní oko dé ọjà. Àgbẹ̀ tí ó ní píkọ́ọ̀pù lè so tírélà mọ́ ìdí rẹ̀, kí ó sì fi ìrìn kan ṣe iṣẹ́ ìrìn méjì. Ìwé kékeré yìí ń ṣàlàyé bí a ti í ṣe é láìfi ẹ̀mí ẹnikẹ́ni wewu.

Tírélà tí à ń sọ níhìn-ín kì í ṣe ọkọ̀ gàgàrà tí ó ń kó sìmẹ́ńtì tàbí epo kiri ojú títì. Èyí tí à ń wí ni pẹpẹ onírin kékeré tí ó ní ẹsẹ̀ méjì, tí kò ní ẹ́ńjìnnì, tí àwọn ajórin-mọ́rin lè rọ fún ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ.

DÍDÚRÓ LE JU FÍFÀ LỌ

Bí a bá kìlọ̀ fún awakọ̀ nípa ẹrù, ohun tí ó sábà máa ń wí ni pé, “Ọkọ̀ mi lágbára, yóò fà á.” Òótọ́ ni ó sọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí ọkọ̀ lè fà ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ bèèrè, bí kò ṣe ohun tí ó lè dá dúró. Ẹ́ńjìnnì ni ó ń fa ẹrù gun òkè. Búrẹ́èkì nìkan ni ó ń gbà wá nígbà tí ewúrẹ́ tàbí ọmọdé bá já sí ojú ọ̀nà.

Ẹ wo àpẹẹrẹ kan. Toyota Hilux, tí a ti ń ṣe láti ọdún 1968, jẹ́ ọkọ̀ tí gbogbo wa mọ̀. Èyí tí wọ́n ń tà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lóde òní, tí ó ń lo dísù, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì ń ṣiṣẹ́, ní àṣẹ láti fa tírélà tí ó tó 3,500 kílò bí tírélà náà bá ní búrẹ́èkì tirẹ̀. Bí tírélà kò bá ní búrẹ́èkì, 750 kílò péré ni àṣẹ náà. Ọkọ̀ kan náà ni, ẹ́ńjìnnì kan náà ni. Búrẹ́èkì ni ó mú ìyàtọ̀ wá. Ọ̀pọ̀ tírélà tí a ń rọ ládùúgbò ni kò sì ní búrẹ́èkì.

Ẹ JẸ́ KÍ A ṢÍRÒ RẸ̀

Àpò kòkó kan wọn 64 kílò. Ká sọ pé tírélà òfìfo wọn 300 kílò. Bí a bá kó àpò 7 sí i, ẹrù náà di 448 kílò, àpapọ̀ rẹ̀ sì di 748. Ó ti tó bẹ́ẹ̀. Àpò kẹjọ ti kọjá ààlà.

Bí ẹ bá ní àpò 20, ẹ lè kó 7 sínú tírélà, kí ẹ sì kó 6 sẹ́yìn píkọ́ọ̀pù. 7 tí ó kù yóò di ti ìrìn kejì. Owó epo ìrìn kejì yóò dun ènìyàn, ṣùgbọ́n ẹ fi wé iye tí àpò 20 yóò pa, kí ẹ sì fi wé ẹ̀mí awakọ̀. Ẹni tí ẹrù rẹ̀ bá ń pọ̀ lọ́dọọdún, kí ó ra tírélà tí ó ní búrẹ́èkì.

Ẹ ka ìwé tí ó bá ọkọ̀ yín wá láti mọ iye tí wọ́n fún un, nítorí ọkọ̀ kò rí bákan náà.

BÍ A TI Í TO ẸRÙ

Ẹni tí ó ru igi gígùn lé èjìká mọ̀ pé bí ìdí igi bá wúwo ju orí rẹ̀ lọ, igi ni yóò máa darí òun. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni tírélà rí. Bí ẹrù bá pọ̀ lẹ́yìn, yóò máa gbé ìdí píkọ́ọ̀pù sókè, yóò sì máa jù sọ́tùn-ún sósì bí ìrù ẹja.

Nítorí náà, ẹ to èyí tí ó pọ̀ jù nínú ẹrù sí òkè ẹsẹ̀ tírélà, kí iwájú sì wúwo díẹ̀ ju ẹ̀yìn lọ. Nínú gbogbo ìwọ̀n tírélà àti ẹrù rẹ̀, ó kéré tán, ìdá kan nínú mẹ́wàá ni ó yẹ kí ó tẹ ìkọ́. Nínú 748 kílò, èyí jẹ́ nǹkan bí 75 kílò. Ẹ lè fi òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn kòkó yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ gbé imú tírélà lé e lórí kí ẹ tó so ó. Kí ẹ rántí pé kílò tí ó tẹ ìkọ́ yìí ti di ara ẹrù tí píkọ́ọ̀pù rù.

BÍ A TI Í SO Ó

Orí ìkọ́ àti ihò tí ó wọ̀ ọ́ gbọ́dọ̀ bá ara wọn mu rẹ́gí. Lẹ́yìn ìkọ́, ẹ fi ẹ̀wọ̀n méjì so ó, kí wọ́n kọjá ara wọn lábẹ́ imú tírélà, kí wọ́n lè gbà á bí ìkọ́ bá já. Ẹ wo táyà, kí ẹ di àpò mọ́lẹ̀ pẹ̀lú okùn, kí iná ẹ̀yìn sì máa tàn. Ẹ béèrè ìwé tí ó yẹ lọ́wọ́ Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, tí a dá sílẹ̀ ní 1988.

LÓJÚ Ọ̀NÀ

Ọ̀nà ọlọ́dà tí ó wà ní Alágbàká, níbi tí àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba wà ní Àkúrẹ́, kì í ṣe ẹgbẹ́ ọ̀nà oko, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ẹgbẹ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Ìdànrè.

1. Nínú ẹrẹ̀, ẹ lo H4; níbi tí ó ga tàbí tí ó rì púpọ̀, ẹ lo L4. Ẹ má ṣe lò wọ́n lórí ọ̀dà gbígbẹ, nítorí wọ́n lè ba irin ìsàlẹ̀ ọkọ̀ jẹ́.

2. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, ẹ ti bọ́ sí jíà kékeré. Búrẹ́èkì tí a tẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀ òkè yóò gbóná, kò sì ní mú mọ́.

3. Ẹ má sáré. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, ìjìnnà tí búrẹ́èkì yóò fi dá ọkọ̀ dúró di ìlọ́po mẹ́rin.

4. Bí tírélà bá bẹ̀rẹ̀ sí jù, ẹ má tẹ búrẹ́èkì lójijì, ẹ má sì yí ọwọ́ ìtọ́kọ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ẹ di ọwọ́ rẹ̀ mú ṣinṣin, kí ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná, kí eré náà fúnra rẹ̀ rọlẹ̀.

5. Bí ọkọ̀ bá rì, ẹ fi òkúta dí ẹsẹ̀ tírélà kí ẹ tó tú u. Kí ẹnikẹ́ni má dúró nítòsí okùn tí a fi ń fà á. Okùn tí ó já lè pa ènìyàn.

ÈNÌYÀN KÌ Í ṢE ẸRÙ

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yìí ni ó ṣe pàtàkì jù. Nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú, tí ilé sì jìnnà, lébìrà tí ó ti ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ yóò fẹ́ jókòó lórí àpò nínú tírélà, ìyá àti ọmọ náà yóò sì fẹ́ gùn ún. Ẹ má gbà fún wọn. Kò sí ohun tí wọn yóò dì mú bí ó bá dojú dé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọ inú píkọ́ọ̀pù, tàbí kí ẹ padà wá gbé wọn.

Àpò tí ó kù lóko lónìí, a ó rí i gbé lọ́la. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bí ohun kan nínú ìwé yìí kò bá yé yín, ẹ tọ òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn agbègbè yín lọ.