Dídín Ewu Kù: Iṣẹ́ Àánú ni Bí?

Ọgbọ̀n ọdún ni Dókítà Alex Wodak fi ṣe olórí ẹ̀ka ìtọ́jú ọtí àti oògùn olóró ní ilé ìwòsàn St Vincent's, ní Sydney, Ọsirélíà. Ní 1986, òun àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fún àwọn tí ń gún oògùn olóró sára ní abẹ́rẹ́ tuntun, bí òfin kò tilẹ̀ fàyè gbà á. Ìdí rẹ̀ ni pé bí ènìyàn méjì bá lo abẹ́rẹ́ kan, ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ lè gbé kòkòrò éèdì láti ara ẹnìkínní sí ara ẹnìkejì; ó sì lè ti ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ aya àti ọmọ inú. Kò pẹ́ tí ìjọba fi gba ètò náà.

Ní 1999, ilé ìjọsìn Wayside Chapel ṣí yàrá kan, kí ẹni tí oògùn bá fẹ́ pa lè rí olùgbàlà nítòsí. Láti 2001 ni Uniting Church ti ń bójú tó irú ilé bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú àṣẹ ìjọba.

Ǹjẹ́ èyí kì í ṣe onígbọ̀wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ bí? Àwa kò rò bẹ́ẹ̀. Ará Samáríà nì kò wádìí ìwà ẹni tí ó gbọgbẹ́ kí ó tó tọ́jú rẹ̀. Òkú kò lè ronú pìwà dà. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ dá ẹ̀mí sí.