Ara báàsì oníná: ohun tí igi àti òfìfo ń ṣe sí ohùn

Ní agbègbè Savalou, àwọn tó ń lu tchinkounmè máa ń da omi sínú igbá ńlá, wọn a sì dojú igbá kékeré dé orí omi náà kí wọ́n tó máa lù ú. Igbá náà kò ní awọ, kò sì ní okùn, síbẹ̀ ohùn rẹ̀ máa ń rinlẹ̀ níbi òkú àgbà. Afẹ́fẹ́ tó há sáàárín igbá àti omi ló ń fún un ní ohùn. Bí afẹ́fẹ́ yìí bá dín tàbí tó pọ̀ sí i, ohùn á yí padà.

Nígbà tí Stanislas Tohon mú tchinkounmè kúrò ní agbo òkú wá sórí pèpéle, tó sọ ọ́ di tchink-system, ohun-èlò oníná wá bá igbá pàdé. Láti ìgbà náà, ẹgbẹ́ olórin tó bá fẹ́ kí orin rẹ̀ ní ìdí, ní Savalou tàbí ní Bantè, ń wá báàsì. Owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ó yẹ kí ẹni tó fẹ́ rà á, tàbí tó fẹ́ kí gbẹ́nàgbẹ́nà bá òun ṣe é, mọ̀ pé ara báàsì kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán. Ara ló ń pinnu ibi tí agbára ìka yóò gbà lọ.

Báàsì ìnàró ni ọ̀rọ̀ yìí kàn, èyí tí a ń dúró tì, tí a sì ń fi ìka ta tàbí kí a fi ọrun fà. Àgbà inú wọn ni èyí tí àwọn elédè Faransé ń pè ní contrebasse. Okùn mẹ́rin ló sábà máa ń ní. Èyí tó nípọn jù lọ ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 41 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ṣùgbọ́n okùn kò lè ti afẹ́fẹ́ púpọ̀. Bí a bá nà án sórí igi lásán, ẹni tó wà nítòsí nìkan ni yóò gbọ́ ọ. Ìdí nìyẹn tí a fi gbé okùn gun igi pẹlẹbẹ kékeré kan, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ àyà àpótí ńlá tó ṣófo nínú. Bí okùn bá gbọ̀n, igi pẹlẹbẹ á gbé ìgbọ̀n náà fún pákó àyà, pákó á ti afẹ́fẹ́, ohùn á sì kún ilé.

Àmọ́ agbára tí ìka fi sínú okùn ní òṣùwọ̀n. Bí àpótí bá tètè gbà á lọ, ohùn á le lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní pẹ́ kó tó parẹ́. Bí ara bá wúwo tí kì í gbọ̀n, agbára á dúró sínú okùn. Ohùn á pẹ́, ṣùgbọ́n agbo kò ní gbọ́ ọ láìsí iná. Kò sí báàsì tó lè ní méjèèjì ní kíkún. Ẹni tó ń ṣe é gbọ́dọ̀ yan èyí tó fẹ́.

Yíyàn yìí ló bí báàsì ìnàró oníná. Nígbà tí ìlù àti fèrè bo contrebasse mọ́lẹ̀ nínú ẹgbẹ́ olórin ní Amẹ́ríkà, àwọn aṣe-ohun-èlò bíi Rickenbacker bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe báàsì ìnàró tí kò ní àpótí láàárín ọdún 1930 sí 1940. Everett Hull ní tirẹ̀ fi gbohùngbohùn sínú ọ̀pá tí contrebasse fi ń dúró nílẹ̀. Láti ara ọ̀pá yìí ni orúkọ ilé-iṣẹ́ rẹ̀, Ampeg, ti wá. Ìṣòro kan sì yọjú: àpótí tó ṣófo ń gbọ́ràn jù. Ohùn tó jáde láti inú ẹ̀rọ agbóhùnsókè ń padà wá gbọn pákó àyà, gbohùngbohùn á tún gbé e, ẹ̀rọ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í hu. Ẹni tí èyí bá ti ṣẹlẹ̀ sí níbi ìnáwó mọ bí ó ti ń lé àlejò dìde.

Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n gbà yanjú rẹ̀. Èkíní ni odidi igi tí a kò gbẹ́ inú rẹ̀. Kì í hu bọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ń pẹ́, ó sì dọ́gba lórí okùn gbogbo, ṣùgbọ́n ó lè jọ gìtá ju contrebasse lọ. Èkejì ni ara tí a gbẹ́ inú rẹ̀ díẹ̀, tí a fi pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo àyà rẹ̀. Èyí ń dá ìmí àpótí padà, ó sì ń gé ohùn kúrú bíi ti contrebasse, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹni tó ń ta á má ṣe dúró kọjú sí ẹ̀rọ agbóhùnsókè.

Ẹ̀kẹta ni Baby Bass tí Ampeg gbé jáde ní 1962. Ike ni ara rẹ̀, inú rẹ̀ sì ṣófo. Ẹsẹ̀ igi pẹlẹbẹ rẹ̀ tẹ awẹ́ irin kan tó ń mì, irin yìí sì ń mu agbára okùn kíákíá. Ohùn rẹ̀ ń já lulẹ̀ gbì bí ìlù, kò sì ń fà. Àwọn olórin salsa gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, nítorí kò dí ìlù lọ́nà. Ní ilẹ̀ Benin, níbi tí Gnonnas Pedro ti sọ orin Kúbà di orin ilé kó tó lọ bá ẹgbẹ́ Africando, etí ọ̀pọ̀ àgbà mọ irú ohùn yìí bí wọn kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀.

Gbohùngbohùn náà ní ìpín tirẹ̀. Èyí tó jẹ́ òòfà ń gbọ́ okùn irin nìkan. Ara igi kò fi bẹ́ẹ̀ hàn nínú rẹ̀. Èyí tí a tẹ̀ sábẹ́ igi pẹlẹbẹ ń gbọ́ okùn àti ara pọ̀. Nítorí náà, kò ṣàǹfààní kí ènìyàn san owó gọbọi lórí ara tó ṣófo, kó wá fi òòfà nìkan sí i.

Ní ti igi, kò pọn dandan kó ti òkè òkun wá. Ọ̀ganwó, tí àwọn elédè Faransé ń pè ní caïlcédrat, jẹ́ ìbátan igi tí àwọn aṣegìtá lágbàáyé ń lò. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé kí igi gbẹ dáadáa, kí ọrùn má sì mì níbi tó ti so mọ́ ara, nítorí ibi tó bá mì ni ohùn ń gbà ṣòfò. Àwọn tó ń gbẹ́ ìlù mọ èyí tipẹ́. Ọwọ́ wọn ti mọ ìgbà tí igi fẹ́lẹ́ tó àti ìgbà tó fẹ́lẹ́ jù.

Kí ẹni tó fẹ́ ra báàsì kọ́kọ́ ta á láìtan iná. Kó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ara rẹ̀. Bí ara bá ń gbọ̀n gan-an, kó retí ohùn tó gbóná tó sì kúrú; bí ó bá dákẹ́ bí òkúta, kó retí ohùn tó mọ́ tó sì gùn. Lẹ́yìn náà ni kó ta okùn kọ̀ọ̀kan láti òkè dé ìsàlẹ̀, kó fetí sí ibi tí ohùn bá ti kú lójijì.

Kó sì rántí pé iná máa ń lọ láàárín ìnáwó. Báàsì tí a fi odidi igi ṣe á yadi lójú ẹsẹ̀. Èyí tó ní òfìfo díẹ̀ nínú á ṣì máa kùn fún àwọn tó súnmọ́ ọn. Igbá orí omi ní tirẹ̀ kò ní mọ̀ pé iná lọ.