Ìgbì Rédíò Fóònù Alágbèéká: Ìdíwọ́ fún Ẹ̀rọ àti Ààbò fún Ara

1.0 Ìfáàrà

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2001 ni iṣẹ́ fóònù alágbèéká GSM bẹ̀rẹ̀ fún aráàlú ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Kò pẹ́ sí ìgbà náà tí àwọn ènìyàn fi ṣàkíyèsí ohun kan. Bí fóònù bá wà nítòsí rédíò, tàbí nítòsí ẹ̀rọ gbohùngbohùn ní ilé ìjọsìn, ariwo kan a máa dún títí-tìtì-títí kí fóònù náà fúnra rẹ̀ tó dún rárá. Ẹni tí ó bá gbọ́ ọ yóò ti mọ̀ pé ìpè kan ń bọ̀. Ariwo yìí jẹ́ ẹ̀rí tí ó ṣeé fi etí gbọ́ pé ohun kan ń jáde lára fóònù, àti pé ohun náà ń wọ inú ẹ̀rọ mìíràn. Láti inú ẹ̀rí yìí ni ìbéèrè kejì ti jáde: bí ohun náà bá lè wọ inú rédíò, kí ni ó ń ṣe nínú orí ẹni tí ó gbé fóònù sétí?

Ìbéèrè méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń so wọ́n pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́. Ohun tí bébà yìí fẹ́ fi hàn ni pé ìdíwọ́ tí fóònù ń ṣe fún ẹ̀rọ mìíràn jẹ́ ohun tí ó dájú, tí ó ní ìwọ̀n, tí ó sì ní àtúnṣe. Ní ti ìpalára sí ara, ní ìwọ̀n agbára tí fóònù ní, ẹ̀rí tí ó fìdí múlẹ̀ kò tíì sí. Ẹni tí kò bá ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ yóò máa bẹ̀rù níbi tí kò yẹ, yóò sì túra sílẹ̀ níbi tí ó yẹ kí ó ti ṣọ́ra.

2.0 Irú ohun tí ìgbì rédíò jẹ́

Fóònù alágbèéká kò ju rédíò tí ó lè sọ̀rọ̀ tí ó sì lè gbọ́ràn lọ. Bí ẹnìkan bá ń sọ̀rọ̀ sínú rẹ̀, ẹ̀rọ náà yóò sọ ohùn rẹ̀ di àmì, yóò sì fi ìgbì rédíò gbé àmì náà lọ sí òpó fóònù tí ó wà nítòsí. Nínú ètò GSM ti Nàìjíríà, ìgbì yìí ń mì ní nǹkan bí ìgbà mílíọ̀nù 900 tàbí mílíọ̀nù 1,800 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Èyí ni wọ́n ń pè ní mẹgahẹ́ẹ̀tì 900 àti mẹgahẹ́ẹ̀tì 1,800.

Ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí wá láti inú ìdílé kan náà. Ohun tí ó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni iye ìgbà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń mì. Gbogbo ìgbì inú ìdílé yìí a máa gbé agbára ní ìdì kéékèèké. Bí ìgbì bá sì ṣe ń yára mì tó ni ìdì kọ̀ọ̀kan ṣe ń tóbi tó. Ìdì kan nínú ìmọ́lẹ̀ pupa ju ìdì kan nínú ìgbì mẹgahẹ́ẹ̀tì 900 lọ ní ìlọ́po tí ó lé ní 400,000. Síbẹ̀, ìmọ́lẹ̀ pupa náà kò ní agbára láti já èròjà inú ara sí wẹ́wẹ́. Ìtànṣán tí ó lè ṣe bẹ́ẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń ya àwòrán egungun ní ilé ìwòsàn, ga ju ìmọ́lẹ̀ lọ fíìfíì. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì, nítorí pé orúkọ kan ṣoṣo, ìtànṣán, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pe méjèèjì. Nípa bẹ́ẹ̀, ìbẹ̀rù èyí tí ó burú ti ran èyí tí kò rí bẹ́ẹ̀.

3.0 Bí ariwo ṣe ń dé inú rédíò

Ètò GSM pín àkókò sí ọ̀nà mẹ́jọ, kí ènìyàn mẹ́jọ lè máa lo ìgbì kan ṣoṣo láìfara gbún ara wọn. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn mẹ́jọ bá tò sídìí ẹ̀rọ omi kan, tí olúkúlùkù ń bu ìwọ̀nba díẹ̀ kí ó tó yẹ̀ fún ẹni tí ó kàn. Nítorí náà, fóònù GSM kì í sọ̀rọ̀ láìdánudúró. A máa tàn, a sì máa kú, ní nǹkan bí ìgbà 217 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan.

Okùn inú rédíò tàbí ti gbohùngbohùn lè gba ìgbì yìí bí ẹni pé eríàlì ni. Etí ènìyàn kò lè gbọ́ ohun tí ó ń mì ní ìgbà mílíọ̀nù 900, ṣùgbọ́n àwọn èròjà inú ẹ̀rọ náà a máa yọ títàn àti kíkú yẹn sọ́tọ̀, wọn a sì sọ ọ́ di ohùn. Ohun tí ó bá ń mì láti ìgbà 20 títí dé 20,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ni etí ń gbọ́. 217 sì wà láàárín rẹ̀. Ìdí nìyí tí ariwo náà fi ń dún nínú gbohùngbohùn tí kì í tilẹ̀ ṣe rédíò. Ìdí tí ó sì fi ń ṣáájú ìpè ni pé òpó ni ó kọ́kọ́ ń pe fóònù, tí fóònù sì gbọ́dọ̀ dá òpó lóhùn kí ó tó pe olówó rẹ̀. Ìdáhùn yẹn ni rédíò ń ta gbọ́.

Ẹ̀kọ́ méjì wà nínú àlàyé yìí. Èkíní ni pé kì í ṣe gbogbo fóònù ni ó ń pariwo bákan náà. Fóònù GSM lè gbé tó wáàtì 2 jáde nígbà tí ó bá tàn, ṣùgbọ́n fóònù tí ó ń lo ètò 3G tàbí 4G kì í sábà kọjá ìdá kan nínú mẹ́rin wáàtì kan, ìgbì 3G kì í sì í tàn kú bẹ́ẹ̀. Èkejì ni pé jíjìnnà ni àtúnṣe. Níbi tí kò bá sí ohun tí ó dí ìgbì lọ́wọ́, bí àlàfo bá di ìlọ́po méjì, agbára tí ó ń dé ibẹ̀ yóò dín kù sí ìdá kan nínú mẹ́rin. Bí àlàfo bá di ìlọ́po mẹ́wàá, yóò dín kù sí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún.

4.0 Ibi tí ìdíwọ́ ti lè di ewu

4.1 Ẹ̀rọ inú àyà àti ẹ̀rọ ilé ìwòsàn

Bí rédíò bá pariwo, kò sí ẹni tí yóò kú. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn kan wà tí oníṣègùn fi ẹ̀rọ kékeré sábẹ́ awọ àyà wọn kí ọkàn wọn lè máa lù déédéé. Ẹ̀rọ yìí a máa tẹ́tí sí ìlù ọkàn. Bí kò bá gbọ́ nǹkan kan, yóò ta ọkàn jí. Bí ìgbì fóònù bá ṣì í lọ́nà, ó lè rò pé ọkàn ti lù nígbà tí kò lù. Ní ọdún 1997, àwọn oníṣègùn ní Amẹ́ríkà gbé àbọ̀ àyẹ̀wò kan jáde tí wọ́n ṣe fún ènìyàn 980 tí ó ní irú ẹ̀rọ yìí. Nínú ìgbìyànjú 5,533, ìdíwọ́ kan tàbí òmíràn hàn nínú ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbé fóònù sí etí bí ó ti yẹ, kò sí ìdíwọ́ kankan tí ó lè ṣe aláìsàn ní ibi. Ìgbà tí wọ́n gbé fóònù lé orí ibi tí ẹ̀rọ náà wà gan-an ni ọ̀rọ̀ yí padà.

Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń ṣe ẹ̀rọ ọkàn ní ọ̀nà tí ìgbì kò fi ní tètè wọ̀ ọ́. Síbẹ̀, ìmọ̀ràn àjọ FDA ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni pé kí fóònù jìnnà sí ẹ̀rọ náà ní sẹ̀ǹtímítà 15, ó kéré tán. Ní ọdún 2021, àjọ náà tẹnu mọ́ ọn nítorí ìdí mìíràn: mágínẹ́ẹ̀tì tí ó wà nínú àwọn fóònù tuntun kan lè yí ìṣesí ẹ̀rọ ọkàn padà bí ó bá súnmọ́ ọn jù. Kí ẹni tí ó ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ má ṣe fi fóònù sí àpò àyà, kí ó sì máa fi etí òdìkejì gbọ́ ìpè. Ní ilé ìwòsàn pẹ̀lú, ẹ̀rọ tí ó ń ka ìlù ọkàn tàbí tí ó ń ta oògùn sí ara lè ṣìṣe bí fóònù bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, bí nọ́ọ̀sì bá ní kí wọ́n gbé fóònù kúrò lẹ́bàá ibùsùn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ìdí.

4.2 Ọkọ̀ òfuurufú

Ní ọdún 1991 ni àjọ FCC ti Amẹ́ríkà fi òfin de lílo fóònù alágbèéká nínú ọkọ̀ òfuurufú tí ó wà lókè. Ohun tí òfin náà ń dáàbò bò jù ni ètò fóònù tí ó wà nílẹ̀, nítorí pé fóònù tí ó wà lókè lè máa kàn sí òpó púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ariwo tí ó ń wọ etí awakọ̀ òfuurufú nígbà tí ó ń gbọ́ àṣẹ láti ilẹ̀ náà kì í ṣe ohun tí ó yẹ kí wọ́n fojú di. Ní oṣù Kìíní ọdún 2022, ọ̀rọ̀ ìdíwọ́ tún gbérí ní Amẹ́ríkà. Ìgbì 5G tuntun fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ìgbì tí ọkọ̀ òfuurufú fi ń wọn bí ó ti ga tó sí ilẹ̀ pààlà: ti 5G parí sí mẹgahẹ́ẹ̀tì 3,980, ti ọkọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ láti 4,200. Ìjọba àti àwọn ilé-iṣẹ́ fohùn ṣọ̀kan láti dín agbára òpó kù nítòsí pápákọ̀ òfuurufú, kí wọ́n sì tún ẹ̀rọ inú ọkọ̀ ṣe. Èyí fi hàn pé ìdíwọ́ tí wọ́n bá mọ ìdí rẹ̀ ṣeé yanjú.

4.3 Ilé epo

Ní ilé epo káàkiri Nàìjíríà ni wọ́n ti ń kọ ọ́ sára ògiri pé kí oníbàárà pa fóònù rẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà gbọ́ ni pé ìgbì fóònù lè dáná sun epo. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ epo ní Amẹ́ríkà, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ PEI, kó ìròyìn iná tí ó ṣẹ́ yọ nídìí ẹ̀rọ epo jọ. Wọn kò rí ọ̀kan ṣoṣo tí wọ́n lè fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé fóònù ni ó fà á. Ohun tí wọ́n rí ni iná mànàmáná tí ó ń kó sí ara nígbà tí aṣọ bá ń ra àga ọkọ̀, tí ó sì ń ta pàrà nígbà tí ọwọ́ bá kan irin ẹnu àgbá epo. Ẹni tí ó pa fóònù rẹ̀, ṣùgbọ́n tí ó gbé kẹ́ẹ̀gì ọlọ́rọ̀bà sínú bútù ọkọ̀ kí wọ́n máa rọ epo sí i níbẹ̀, ti fi ewu tòótọ́ sílẹ̀. Ilẹ̀ ni ó yẹ kí kẹ́ẹ̀gì wà kí wọ́n tó rọ epo sí i.

5.0 Ìgbì rédíò àti ara ènìyàn

5.1 Ìgbóná àti òdiwọ̀n ààbò

Ohun tí ó dájú pé ìgbì rédíò lè ṣe sí ara ni pé kí ó mú un gbóná. Ààrò ìgbì rédíò tí wọ́n fi ń gbé oúnjẹ gbóná ń ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú nǹkan bí wáàtì 800 nínú àpótí irin tí ó dé pa. Fóònù GSM, bí wọ́n bá pín wáàtì 2 rẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́jọ, kò ju ìdá kan nínú mẹ́rin wáàtì lọ. Ìgbóná tí etí ń mọ̀ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ gígùn sì sábà máa ń wá láti inú bátìrì àti láti inú fóònù tí ó dí etí pa.

Àjọ ICNIRP, tí ó ń fi òdiwọ̀n lélẹ̀ fún ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, rí i pé wáàtì 4 fún kìlógíráàmù ara kan ni ó lè mú gbogbo ara gbóná dé ìwọ̀n tí ó yẹ kí ènìyàn ṣọ́ra. Ìdá kan nínú 50 rẹ̀, èyí tí í ṣe wáàtì 0.08, ni wọ́n fi ṣe òdiwọ̀n fún aráàlú. Fún orí nìkan, òdiwọ̀n wọn jẹ́ wáàtì 2 fún kìlógíráàmù. Ti Amẹ́ríkà jẹ́ 1.6.

5.2 Ọ̀rọ̀ àrùn jẹjẹrẹ

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2011, àjọ IARC, tí ó wà lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé, fi ìgbì rédíò sí ìsọ̀rí 2B, ìyẹn ìsọ̀rí àwọn ohun tí ó ṣeé ṣe kí ó fa jẹjẹrẹ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbọ́ èyí bí ẹni pé wọ́n ti dá fóònù lẹ́bi. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìtumọ̀ ìsọ̀rí náà ni pé ẹ̀rí tí ó wà kéré, ṣùgbọ́n wọn kò lè ti ìlẹ̀kùn ọ̀rọ̀ náà pa. Ìwádìí Interphone, tí wọ́n ṣe ní orílẹ̀-èdè 13, tí àbọ̀ rẹ̀ jáde ní ọdún 2010, kò rí ewu tí ó pọ̀ sí i lápapọ̀. Àwọn tí ó sọ pé àwọn ti lo fóònù jù nìkan ni àrùn inú ọpọlọ kan dà bí ẹni pé ó pọ̀ díẹ̀ láàárín wọn, àwọn olùwádìí náà sì kìlọ̀ pé ìrántí àwọn aláìsàn lè ti ṣì wọ́n lọ́nà. Ní ọdún 2018, ìwádìí ìjọba Amẹ́ríkà rí kókó nínú ọkàn àwọn akọ eku tí wọ́n fi ìgbì bò ní gbogbo ara fún wákàtí mẹ́sàn-án lójúmọ́ fún ọdún méjì. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n tí wọ́n lò ju ti ènìyàn lọ, àwọn eku náà sì pẹ́ láyé ju àwọn tí wọn kò fi ìgbì bò lọ. Ní ọdún 2024 ni àyẹ̀wò tí Àjọ Ìlera Àgbáyé bẹ̀ àwọn onímọ̀ ṣe jáde, lórí iṣẹ́ 63 láti orílẹ̀-èdè 22. Kò rí ìsopọ̀ láàárín lílo fóònù àti jẹjẹrẹ ọpọlọ, kódà láàárín àwọn tí ó ti lò ó ju ọdún mẹ́wàá lọ.

5.3 Òpó fóònù àti àhesọ

Àìmọ ìyàtọ̀ ti fa ìbẹ̀rù ńlá. Ní oṣù Keje ọdún 2004, àhesọ tàn ká Nàìjíríà pé ẹni tí ó bá gba ìpè láti àwọn nọ́ḿbà kan yóò kú lójú ẹsẹ̀. Ó tún gbérí ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2011. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2020, wọ́n dáná sun òpó fóònù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nítorí ìgbàgbọ́ pé 5G ni ó fa àrùn Kòrónà. Bẹ́ẹ̀ ni àrùn náà ń jà ní Nàìjíríà nígbà náà, níbi tí iṣẹ́ 5G kò tíì bẹ̀rẹ̀ fún aráàlú títí di ọdún 2022.

Èyí tí ó yẹ fún àròjinlẹ̀ jù ni ti àdúgbò tí ó lé òpó jìnnà nítorí ìlera. Fóònù GSM a máa wọn ohùn rẹ̀ bí òpó ṣe súnmọ́ ọn. Bí òpó bá wà nítòsí, agbára rẹ̀ lè wálẹ̀ láti wáàtì 2 dé nǹkan bí ìdá 3 nínú ẹgbẹ̀rún wáàtì kan. Bí òpó bá jìnnà, fóònù yóò máa lọgun. Fóònù ni ó sì wà létí, kì í ṣe òpó. Àdúgbò tí ó lé òpó lọ ti tipa bẹ́ẹ̀ fà ìgbì tí ó pọ̀ jù súnmọ́ orí ara rẹ̀. Bí ẹjọ́ bá wà nídìí òpó, èéfín àti ariwo jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ ni ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ rò.

6.0 Àgbálọgbábọ̀

Ìròyìn kò tó àfojúbà. Ariwo inú rédíò ti sọ òtítọ́ kan láti ọjọ́ pípẹ́: ìgbì fóònù ń dé ara ẹ̀rọ tí ó bá wà nítòsí, kò sì ní agbára mọ́ bí ó bá jìnnà díẹ̀. Ẹni tí ó ní ẹ̀rọ nínú àyà, nọ́ọ̀sì tí ó ń ṣọ́ aláìsàn àti awakọ̀ òfuurufú ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù, sẹ̀ǹtímítà díẹ̀ tàbí mítà kan sì lè tó láti gba ẹni méjì àkọ́kọ́ sílẹ̀. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá sì balẹ̀ nípa orí ara rẹ̀ lè lo okùn etí, tàbí kí ó dín ọ̀rọ̀ kù níbi tí òpó ti jìnnà. Àtúnṣe méjèèjì kò ná ènìyàn ní ohun púpọ̀. Ohun tí ó ń náni ní púpọ̀ ni kí ìlú máa sá fún òpó àti nọ́ḿbà, kí aláìsàn sì wà ní ibùsùn pẹ̀lú fóònù lórí àyà rẹ̀.