Agogo Kan Ṣoṣo fún Ìwé Owó Ẹgbẹ́

Àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú, ọmọ Ọbańta, tí wọ́n fọ́n ká sí Lọ́ńdọ̀n, New York àti Lomé kì í torí òkun pa ilé tì. Bí àjọ̀dún Ojúde Ọba, ti ọjọ́ kẹta Iléyá, bá ti ń súnmọ́lé, owó aṣọ ẹgbẹ́ a máa wọlé fún rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wọn, ìyẹn ẹgbẹ́ ọjọ́ orí, láti ọ̀nà jíjìn. Nígbà tí ìwé owó wà lọ́wọ́ akápò nílé, agogo ara ògiri rẹ̀ tó láti parí iyàn. Ṣùgbọ́n nísinsìnyí tí ìwé náà ti di dátábéèsì, àkọsílẹ̀ orí kọ̀ǹpútà tí gbogbo ẹgbẹ́ jọ ń kọ nǹkan sí, kò yẹ kí olúkúlùkù máa fi agogo ìlú tirẹ̀ kọ wákàtí sínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ni gbèdéke owó sísan. Ẹnì kan sanwó ní Lọ́ńdọ̀n ní agogo mọ́kànlá ààbọ̀ alẹ́ ọjọ́ náà, nígbà tí ọdún tuntun ti wọ Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹlòmíràn san tirẹ̀ ní New York ní agogo méje ìrọ̀lẹ́. Nínú ìwé, ará New York ni yóò dà bí ẹni tó yá, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni ará Lọ́ńdọ̀n fi ṣáájú rẹ̀. Ohun tó kọjú sí ẹnì kan, ẹ̀yìn ló kọ sí ẹlòmíràn.

Láti 1919 ni Nàìjíríà ti ń fi wákàtí kan ṣáájú Greenwich láìyẹsẹ̀, ṣùgbọ́n Lọ́ńdọ̀n a máa sún agogo síwájú ní Àìkú tó kẹ́yìn oṣù Kẹta, a sì dá a padà ní Àìkú tó kẹ́yìn oṣù Kẹwàá. Lóru ìdápadà yìí, agogo kan ààbọ̀ a máa lù lẹ́ẹ̀mejì, tí ẹnikẹ́ni kò sì ní lè fi àkọsílẹ̀ mọ èwo ni èwo.

Nítorí náà, UTC, agogo àjùmọ̀lò gbogbo ayé, ni kí kọ̀ǹpútà fi máa kọ ìgbà tí owó wọlé, kí ó tó yí i padà sí agogo ẹni tí ń kà á. Orúkọ agbègbè agogo bí Africa/Lagos tàbí Europe/London ni kí a fún kọ̀ǹpútà, nítorí ó ti mọ òfin agogo ibẹ̀. Ti ìpàdé ọjọ́ iwájú yàtọ̀: bí a bá fi í sí agogo mẹ́rin Ìjẹ̀bú-Òde, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kí a kọ ọ́, nítorí ìjọba lè yí òfin agogo padà kí ọjọ́ tó pé.

Agogo ìlú wo ni gbèdéke yóò tẹ̀lé? Kọ̀ǹpútà kò lè pinnu èyí, ẹgbẹ́ ni yóò fẹnu kò. Bí ojú bá yẹ ojú, kí ohùn má yẹ ohùn. Lójú tèmi, ti Ìjẹ̀bú-Òde ló tọ́, kí a sì kọ ọ́ sínú òfin ẹgbẹ́ kí kọ́bọ̀ àkọ́kọ́ tó wọlé.