Fítámì Inú Ike Kò Rọ́pò Ìtọ́jú Àtọ̀gbẹ

Ẹni tó bá ń bẹ iṣu púpọ̀ kì í jẹ́ kí èyí tó ti bẹ pẹ́ nílẹ̀ lásán. Inú omi ló ń jù ú sí, nítorí bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ sí i pẹ́, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú. Bó bá fún ọsàn wẹ́wẹ́ lé e lórí, fítámì C inú ọsàn náà kò ní jẹ́ kó tètè dúdú. Ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ ló ń bá iṣu jà bẹ́ẹ̀. Nínú ara wa náà, bí ọ́síjìn ṣe ń sọ oúnjẹ di agbára, ó ń fi àwọn èérún kan sílẹ̀ tó lè ba ara jẹ́. Èròjà tó ń dá wọn lẹ́kun là ń pè ní àńtíọ́sídáǹtì. Èérún wọ̀nyí sì máa ń pọ̀ lára ẹni tó ní àtọ̀gbẹ.

Ibẹ̀ làwọn tó ń ta fítámì ti ń mú wa: bí ọsàn bá gba iṣu là, fítámì oníhóró yóò wo àtọ̀gbẹ. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ṣùgbọ́n iṣu tí a ti bẹ kò lè gbèjà ara rẹ̀ mọ́. Ara alààyè lè ṣe é.

Olùwádìí kan, Michael Ristow, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi èyí hàn ní ìlú Jena, lórílẹ̀-èdè Jámánì, nínú ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2009. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin ṣe eré ìdárayá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Àwọn kan ń lo fítámì C mílígíráàmù 1,000 àti fítámì E yúnìtì 400 lójoojúmọ́. Àwọn yòókù kò lo ohunkóhun nínú rẹ̀. Lẹ́yìn-ò-rẹyìn, ara àwọn tí kò lo fítámì ń gbọ́ràn sí ínsúlínì tó ń dín ṣúgà ẹ̀jẹ̀ kù lẹ́nu ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn tó lò ó kò rí èrè yẹn jẹ. Èérún tí eré ìdárayá ń mú wá ló ń ké sí ara pé kó gbára dì; fítámì ti pa igbe náà mọ́ wọn lẹ́nu.

Ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ń pè ní HOPE náà kó àwọn ẹni ọdún 55 sókè jọ, tí wọ́n ní àtọ̀gbẹ tàbí àrùn iṣan ẹ̀jẹ̀, ó sì fún nǹkan bí ìdajì wọn ní fítámì E. Gbogbo àwọn tó kópa lé ní 9,500. Èsì tó jáde ní 2000 ni pé fítámì náà kò dáàbò bo ọkàn àwọn tó lò ó. Nígbà tí wọ́n tún tọpasẹ̀ wọn títí, èsì 2005 fi hàn pé àwọn tó lò ó ni ọkàn wọn kùnà láti ṣiṣẹ́ dáadáa jù.

Èyí kò ní ká sọ pé asán ni gbogbo àńtíọ́sídáǹtì. Nínú ìwádìí kan ní Yúróòpù, tó jáde ní 2011, sẹlẹ́níọ̀mù, tí òun náà jẹ́ àńtíọ́sídáǹtì, ran ojú àwọn tí àrùn tháírọ́ìdì tí wọ́n ń pè ní Graves ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ lójú díẹ̀ lọ́wọ́. Máíkírógíráàmù 100 ni wọ́n ń lò lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, fún oṣù mẹ́fà péré. Wọ́n mọ àrùn tí wọ́n ń tọ́jú, wọ́n mọ ìwọ̀n, wọ́n sì mọ ìgbà tí wọn yóò dá a dúró.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ní àtọ̀gbẹ, ẹ má ṣe torí fítámì pa oògùn àtọ̀gbẹ bíi metformin tì, ẹ má sì fi eré ìdárayá sílẹ̀. Ẹ bi ẹni tó ń tà á: àrùn wo ni wọ́n fi dán an wò, ìwọ̀n mélòó, fún ìgbà wo? Bí kò bá rí èsì fọ̀, ẹ fi owó yín ra ẹ̀fọ́.