Omi Tí Ó Mọ́ Lójú Lè Ṣe Ikú Pani

Omi kànga ilé tí mo ń gbé ní Kétu mọ́ gaara. N kò bẹ̀rù rẹ̀ rí. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, nígbà tí àrùn onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó, tí ìjọba sì ka Kósọ́fẹ́ mọ́ ibi tí ó dé, ọmọ alájọgbélé mi bẹ̀rẹ̀ sí í ya ìgbẹ́ bí omi tí a fi ṣan ìrẹsì. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ojú rẹ̀ ti jìn wọnú. Omi oníyọ̀ àti ṣúgà tí ìyá rẹ̀ ń fún un mu títí wọ́n fi dé ọsibítù ni Ọlọ́run fi dá ẹ̀mí rẹ̀ sí. Nígbà tí a wọn ilẹ̀, kànga wa kò jìnnà sí ṣáláńgá ju ogún ẹsẹ̀ bàtà lọ!

Ọ̀ràn náà kò mọ sí ilé wa. Ìhà Ṣakí ni Odò Ògùn ti ń ṣàn bọ̀, ó gba Abẹ́òkúta kọjá kí ó tó dé ìtòsí Mile 12. Ohun tí ará òkè bá dà sí i, ọ̀dọ̀ àwa ará ìsàlẹ̀ ni ó ń bọ̀. Bí odò bá sì kún, tí a tún tú omi tí a sé ní Ọ̀yán sílẹ̀, ẹ̀gbin a wọ kànga.

Ìpínlẹ̀ kan kò lè dá a ṣe. Láti ọdún 1964 ni orílẹ̀-èdè 9 tí Odò Ọya kàn ti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ lórí omi náà. Àwọn onímọ̀ wọn ń wọn omi, wọ́n sì ń fi èsì ránṣẹ́ sí ara wọn. Ó yẹ kí àwọn onímọ̀ Ọ̀yọ́, Ògùn àti Èkó jùmọ̀ máa yẹ omi Ògùn wò bẹ́ẹ̀, kí wọ́n sì máa sọ èsì fún ará ìlú.

Ní ti ilé, ẹ ṣe báyìí:

1. Ẹ se omi mímu títí yóò fi hó yaya, kí ẹ sì dé e.

2. Kí kànga jìnnà sí ṣáláńgá tó ọgọ́rùn-ún ẹsẹ̀ bàtà.

3. Bí ìgbẹ́ gbuuru bá dé, ẹ po ṣíbí tíì 6 ṣúgà àti ààbọ̀ ṣíbí tíì iyọ̀, kí ó má kún jù, sínú omi sísè lítà 1. Ẹ máa fún aláìsàn mu díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì sáré gbé e lọ sí ọsibítù.

Àwọn àgbà ní omi kò lọ́tàá. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n omi tí kò mọ́, ọ̀tá ọmọ wa ni.